Ìyàwó Tí A Lọ Fẹ́ Ní Ifo

Òjò tó bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ kò tíì dá tán láàárọ̀ ọjọ́ náà. Agbára rẹ̀ ti dínkù, ó kàn ń ṣẹ́ wínníwínní bí ẹni tó ń wọ́n omi sílẹ̀ kó tó gbálẹ̀. Ojú ọ̀run funfun bí omidùn. Oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀ níbì kan, ṣùgbọ́n kò kánjú, èmi náà kò sì kánjú. Ọ̀nà àdúgbò wa ní Mowe, tí wọ́n ti ń sọ pé àwọn yóò ṣe láti ìgbà tí a ti kọ́lé, ti di ẹrẹ̀ pupa. Ajá mi funfun dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè, ó ń wò mí. Ohun tó ń sọ yé mi. Bàbá tó tọ́ ọ dàgbà kò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tẹ ẹrẹ̀.

Ajá méjì ni mo ní nígbà náà, kékeré ni àwọn méjèèjì, akọ sì ni wọ́n. Funfun ni àgbà. Irun rẹ̀ dà bí òwú tí a kò tíì ran. Olóògbé ọkọ mi ló mú un wálé nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, inú àpò agbádá rẹ̀ ló sì ti máa ń gbé e káàkiri nígbà tó ṣì kéré. Láti ìgbà tí bàbá ti lọ, ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ mi lórí bẹ́ẹ̀dì ló ń sùn. Ojú rẹ̀ kan ti ń ṣú. Pupa ni ìkejì, ajá ilé lásán, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú bí ẹsẹ̀ àpótí ìjókòó. Ṣe ló kàn tẹ̀lé mi wálé lọ́jọ́ kan láti ọjà, n kò pè é, n kò sì lé e.

Ohun tó gbé wa jáde lọ́jọ́ òjò yẹn ni pé ẹnì kan ti fo fẹ́ǹsì mi lọ́sàn-án gangan, nígbà tí mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó tú ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga, ó gbé e lọ. Àwọn ajá mi gbó. Gbogbo àdúgbò ló jẹ́rìí sí i pé wọ́n gbó. Ṣùgbọ́n àwọn ajá yìí a máa gbó aláǹgbá, wọn a máa gbó aṣọ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lórí okùn, nítorí náà kò sẹ́ni tó yọjú. Nígbà tí mo dé, ohùn wọn ti há, wọ́n ń wúkọ́ bí arúgbó, èérún búrẹ́dì sì wà lẹ́nu èyí pupa. Olè ti fún un ní ìpápánu.

Ọmọ mi ọkùnrin, tó ń gbé ní Akute pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ búrẹ́dì yẹn.

Ó ní, “Mọ̀ọ́mì, ohun méjì ló wà níbẹ̀. Ká wá ajá gidi, ajá tí olè máa rí tó máa yí padà, àbí kẹ́ ẹ kó ẹrù yín wá sọ́dọ̀ mi. N kò lè máa sùn ní Akute kí ọkàn mi máa ṣọ́ fẹ́ǹsì ní Mowe.”

Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ilé tó ń háyà ní Akute, onílé kì í gba ajá níbẹ̀. Òun náà mọ̀, kò sì sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ nínú àwa méjèèjì. Bí mo bá lọ, ta ni yóò gba ajá arúgbó olójú kan? Ta ni yóò sì máa gbé nínú ilé tí èmi àti bàbá rẹ̀ fi búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan kọ́, tí a ń fi oúnjẹ du ara wa kó tó parí? Ajá ńlá náà sì ń bà mí lẹ́rù. Àwọn kan lẹ́yìn ilé wa ra ọ̀kan, kò pẹ́ tó fi ki ajá kékeré ilé náà mọ́lẹ̀ nítorí egungun. Mo wà nínú ọgbà mi, mo ń já ẹ̀fọ́, mo gbọ́ igbe rẹ̀. Igbe ẹ̀ẹ̀kan péré ni.

Nítorí náà mo ti di àpò kan sílẹ̀, àpò onílà tí gbogbo wa ń pè ní Gánà-mọ́ọ̀sì-gò. Mo kó aṣọ díẹ̀ sínú rẹ̀, Bíbélì mi, àti fọ́tò bàbá tí mo yọ lára ògiri. Mo gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ti gbélé ayé pẹ́ kì í dúró dìgbà tí òjò bá dé kó tó kó igi wọlé.

Ohun tí mo sọ fún ọmọ mi ni pé mo ti gbà, a ó mú ajá ńlá, ṣùgbọ́n èmi ni n ó yan irú èyí tí yóò jẹ́. Mo ní ìyàwó ni a ń wá. Nínú ilé tí wọ́n ti bí mi ní Owódé Ẹ̀gbá, ìyàwó tó bá wọlé, ì báà ga tó òpó ilé, ọmọ tó bá ti wà nílé náà kó tó dé, ọkọ rẹ̀ ni. Kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Mo rí ìyá mi tó kúnlẹ̀ kí ọmọdé kan tí ikun ń ṣàn nímú rẹ̀: “Ẹ káàárọ̀, ọkọ mi.” Ọmọ náà kò tilẹ̀ wọ ṣòkòtò. Irú ajá tí mo ń fẹ́ nìyẹn: kó tóbi dáadáa, kó sì mọ̀ pé àwọn kúkúrú wọ̀nyí ló ṣáájú òun débẹ̀.

Ọmọ mi ní, “Mọ̀ọ́mì, ajá ni o.”

Mo ní, “Mo mọ̀.”

Ọmọ mi ti jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tí àwọn ará Kámpù àdúrà ń péjọ kọjá, kí mọ́tò wọn má bàa há wa mọ́nà. Ó páàkì sójú títì ọlọ́dà nítorí ẹrẹ̀, ó ní kí n máa bọ̀. Mo ti se ìrẹsì pẹ̀lú orí ẹja, mo bù ú sínú kúlà. Mo pọn ajá funfun sẹ́yìn, mo fi ọ̀já gbà á, mo da aṣọ bò ó nítorí òjò. A kì í fẹ́ ìyàwó kí àgbà ilé má fojú rí i. Pupa ni mo fi sílẹ̀ kó máa ṣọ́lé, tàbí kó máa ṣọ́ aláǹgbá.

Mo pàdé obìnrin kan tó wọ funfun, tó ká ìró sókè, tó ń wá ibi tí kò ní rì láti fẹsẹ̀ tẹ̀. Ó kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín.

“Ẹ kú ọmọ mà! Ọmọ-ọmọ ni àbí?”

Mo ní, “Ẹ ṣeun. Ọmọ bàbá ni.”

“Ṣé ó ti ń rìn?”

“Ó ń rìn. Ẹrẹ̀ ni kò fẹ́.”

Ó ní Olúwa yóò wò ó, ó sì ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ láti fi súre fún un lórí. Ajá lá ọwọ́ rẹ̀. Obìnrin yìí pariwo “Jésù!”, ó fò sẹ́yìn, ẹsẹ̀ tó ti ń ṣọ́ láti àárọ̀ sì wọnú ẹrẹ̀ dé kókósẹ̀. Nígbà tó rí etí funfun tó yọ jáde, ó di ògiri ẹni ẹlẹ́ni mú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní, “Màmá, Ọlọ́run máa dájọ́ yín!”

Mo ní kó má bínú. Ó ní àdúrà tí òun ti gbà kò ní padà sílẹ̀, kí ajá máa gbé e lọ.

Ibafo la kọ́kọ́ yà sí, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń sin ajá tà. Ó wọ bàtà òjò, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó mú wa yí ilé àwọn ajá rẹ̀ ká. Ọ̀kan nírun lọ́rùn bí kìnnìún, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ níwájú fáànù. Ọkùnrin náà ní ilẹ̀ òtútù ni wọ́n ti mú irú rẹ̀ wá. Mo ní ajá tí yóò máa jẹ iná mànàmáná kó tó jẹ oúnjẹ, agbára opó kò ká a. Èkejì ni irú èyí tí ọlọ́pàá máa ń lò, etí rẹ̀ dúró ṣánṣán, kò jókòó lẹ́ẹ̀kan. Ọkùnrin náà sọ òótọ́ fún mi, ó ní ohunkóhun tó bá ń sáré ni irú èyí ń lé. Mo rántí pupa mi, tí kò mọ̀ ju eré lọ.

Ìkẹta ni wọ́n ń pè ní Bóábù. Orí rẹ̀ tó odó. Àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Ojú ọmọ mi tàn.

Ó ní, “Mọ̀ọ́mì, ẹ wo orí! Ta ló máa rí eléyìí tó máa fo fẹ́ǹsì?”

Abo ni, ó ti bímọ, àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tà sì ń ṣeré lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n wo ìyá wọn tó bá ń jẹun. Ọkùnrin náà ní ṣe bí ọmọ ni mo fẹ́ rà. Mo ní àwa, ọ̀dọ̀ ìyá la ti máa ń wo ọmọ. Mo bu ìrẹsì síwájú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà sáré wá, ó ti imú bọ̀ ọ́. Ìyá kùn, ó fi ẹnu gbá ọmọ rẹ̀ dànù, ọmọ yí gbirigbiri, ó pariwo. Ìyá jẹun tán, ó lá àwo, ó lá ìdí àwo, ó lá ilẹ̀ tí àwo wà.

Àwọn àgbà ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo dé kúlà mi.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Màmá, ajá lẹ wá rà ni, àbí ìyàwó?”

Ọmọ mi ní, “Ẹ má dá wọn lóhùn. Láti àárọ̀ ni.”

Ọkùnrin náà ní, “Ṣùgbọ́n kò sí ajá tí kì í kùn lórí oúnjẹ, mà. Èyí tó wà lẹ́yìn yín náà á kùn.”

Mo ní, “Òótọ́ lo sọ. Ṣùgbọ́n bí èyí tó wà lẹ́yìn mi bá kùn, ta ló máa kú?”

Lẹ́yìn náà ló sọ fún wa pé obìnrin kan wà ní Ifo tó ń sin adìyẹ, tó ní abo ajá Déènì kan tí kò fẹ́ sin mọ́, pé kò sí ajá tó ga tó o, ọkàn rẹ̀ sì tutù. Ó ní abo ló dára fún mi nítorí akọ ni àwọn tèmi. Ó tún ní, “Tẹ́ ẹ bá mú un, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pàdé nínú ọgbà o. Ojú ọ̀nà ni kí wọ́n ti mọ ara wọn, kí wọ́n jọ rìn wọlé.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló ṣe alárinà.

Nígbà tí a dé Ifo, òjò ti dá. Obìnrin aládìyẹ náà kúnlẹ̀ kí mi nínú ilẹ̀ tútù kí n tó lè ní kó dìde. Ajá náà dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò, eérú ni àwọ̀ rẹ̀, mo kọ́kọ́ rò pé ọmọ màlúù ni. Adìyẹ méjì dúró lórí ẹ̀yìn rẹ̀, òmíràn ń jẹ nínú àwo rẹ̀.

Ọmọ mi tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ sí mi létí, ṣùgbọ́n kò rẹ ohùn sílẹ̀ tó: “Mọ̀ọ́mì, adìyẹ ló ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ yẹn.”

Mo ní, “Mo rí i.”

Ó bi obìnrin náà bóyá ajá náà ń gbó. Obìnrin náà ní rárá, òun kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tó fẹ́ yọ̀ǹda rẹ̀, nítorí ìwádìí kò pé bí a kò bá bi èyí.

Ó ní, “Màmá, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kan náà ni pé àwọn tó ń ra ẹyin kì í wọlé mọ́. Wọ́n á dé ẹnu géètì, wọ́n á rí i tó dìde dúró, wọ́n á yí mọ́tò padà. Kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan o. Ṣe ló kàn dìde.”

Mo wo ojú ọmọ mi. Ó ń wo adìyẹ.

Mo da ìrẹsì tó kù sínú tíréè, mo gbé e sílẹ̀, mo tú ọ̀já, mo gbé ajá funfun kalẹ̀. Òórùn ẹja ló gbá mú, ó kọrí síbẹ̀ gbọnrangandan, kò rí ajá ńlá rárá àfìgbà tí imú rẹ̀ fi gbá a lẹ́sẹ̀. Ó gbé orí sókè, sókè, sókè. Lẹ́yìn náà arúgbó yìí gbó bí ẹni tí wọ́n jà lólè, ó sì bu kókósẹ̀ ajá ńlá náà jẹ.

Ọmọ mi ní, “Yéè!” Obìnrin aládìyẹ di ìró rẹ̀ mú.

Ajá ńlá rẹ orí wálẹ̀. Ẹnu rẹ̀ lè gba gbogbo orí ajá mi funfun. Ó gbóòórùn rẹ̀ láti etí dé ìrù. Lẹ́yìn náà ó káwọ́ ká ẹsẹ̀, ó dùbúlẹ̀ pátápátá, ó fi àgbọ̀n lé ilẹ̀, títí ojú rẹ̀ fi bá ojú ti funfun dọ́gba. Mo ti rí ìkúnlẹ̀ láyé mi. Ìyẹn náà jẹ́ ọ̀kan.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá jẹun. Ó jẹ àárín tíréè, ó dìde, ó sún sẹ́yìn. Ìrẹsì ṣẹ́kù yí etí tíréè ká, orí ẹja kan sì wà nínú rẹ̀. Funfun jẹ ẹ́, ó ń kùn títí tó fi jẹ ẹ́ tán, gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin Ibafo ṣe sọ.

Mo ní, “A ti rí ìyàwó.”

Ọmọ mi kò bá mi jiyàn níwájú obìnrin náà. Inú ọkọ̀ ló ti sọ tiẹ̀, nígbà tí orí ajá ti wà láàárín àwa méjèèjì, tí itọ́ rẹ̀ ń kán sí i léjìká. Ó ní, “Mo máa sùn sílé yín lónìí, Mọ̀ọ́mì. Tí n kò bá rí i pé nǹkan yìí lè ṣọ́lé, ẹ̀ ń bá mi lọ sí Akute lọ́la.” Mo ní kò burú. Mo fi ọwọ́ pa ajá funfun lórí títí a fi délé.

A ṣe bí ọkùnrin Ibafo ti wí. Mo mú pupa jáde sójú ọ̀nà. Ó gbó, ó sáré yí wọn ká, ó gba abẹ́ ìyàwó kọjá láìtẹ orí ba, ó tún gbà á padà. Ìyàwó kàn ń yíjú tẹ̀lé e. A jọ rìn dé kọ́nà, a jọ rìn padà. Lẹ́nu géètì, mo bu omi tútù sínú abọ́ láti fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, bí wọ́n ti fọ tèmi náà lọ́jọ́sí, kí ó fi ẹsẹ̀ ìrọ̀rùn wọlé. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo na ọwọ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyàwó rẹ orí wálẹ̀, ó sì mu gbogbo omi ẹsẹ̀ náà tán.

Ìgbà yẹn ni ọmọ mi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ó ní, “Ó ti wọlé nìyẹn.”

Nígbà tí oòrùn ń lọ wọ̀, ó jáde lọ ra búrẹ́dì àti àkàrà ní ìkóríta. Mo wà lẹ́yìn ilé, mo ń bẹ iṣu. Láti kékeré, bó bá ti òde dé, kì í kan géètì. Á nàgà, á na ọwọ́ kọjá sínú, á fa irin ilẹ̀kùn. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Pupa ló kọ́kọ́ gbọ́, ó gbó. Funfun gbè é. Ìyàwó tó dùbúlẹ̀ sí fàráǹdà gbé orí sókè, ó wo àwọn méjèèjì bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Ó dìde, kò sáré, ó rìn lọ, ó gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì lé orí géètì, ó yọ orí sí òde. Kò gbó. Ó kàn ń wo ọmọ mi láti òkè.

Ohun tí mo gbọ́ ni pé nǹkan já bọ́ sínú ẹrẹ̀, lẹ́yìn náà ohùn ọmọ mi, tó ti di ohùn ìgbà tó wà nílé ìwé.

“Mọ̀ọ́mì! Mọ̀ọ́mì o! Ẹ wá pe ìyàwó yín!”

Mo ní, “Ta nìyẹn?”

“Èmi ni!”

“Ìwọ ta?”

“Ọmọ tí ẹ fúnra yín bí!”

Mo bẹ iṣu tó wà lọ́wọ́ mi tán kí n tó dìde. Nígbà tí mo dé iwájú, ọmọ mi ti fi ẹ̀yìn rìn dé apá kejì ọ̀nà. Ìyàwó ṣì dúró lórí géètì. Láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí òjò kò lè pa á sí bó bá tilẹ̀ ń rọ̀, funfun dúró, ó ń gbó bí ẹni pé òun ló ga tó bẹ́ẹ̀. Àwọn kúkúrú méjì jẹ́ ẹnu, ìyàwó jẹ́ ara. N kò kọ́ wọn.

Mo fọwọ́ kan ìyàwó lọ́rùn, ó sọ̀kalẹ̀. Ọmọ mi wọlé, ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó nu ẹrẹ̀ kúrò lára ọ̀rá búrẹ́dì, a jẹun. Nígbà tó ṣan ọwọ́ tán, ó ní, “Mọ̀ọ́mì, oúnjẹ ajá yìí máa pọ̀ o. Màá máa gbé àgbàdo àti ẹja gbígbẹ wá fún yín tí mo bá ń bọ̀.”

N kò bi í léèrè nípa Akute. Ẹni tó bá ti ń ro oúnjẹ ìyàwó ti gbà á sílé.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tó ti lọ, mo gbé àpò tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn bọ́ síta. Mo dá fọ́tò bàbá padà sára ògiri, mo fi Bíbélì sábẹ́ ìrọ̀rí, mo ká àwọn aṣọ sínú àpótí. Mo mú abẹ, mo já gbogbo ojú rírán àpò náà, ó di ọ̀kan fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀. Mo ká aṣọ àkísà méjì sórí ilẹ̀ fàráǹdà, mo fi àpò náà bò wọ́n, mo sì pe ìyàwó pé kó wá sùn sí i. Ó sùn sí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta. Mo lọ wá àkísà sí i.